JÁKÀŃDÈ, AKỌ̀RÒYÌN TÓ DI GÓMÌNÀ: Ẹ̀KỌ́ FÚN ÀWA OLÙDÌBÒ KWÁRÀ

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn àgbà ẹgbẹ́ wa bá àwọn ará àdúgbò sọ ní Adéwọlé, Ìlọrin. A tẹ̀ ẹ́ jáde bí ó ti sọ ọ́, kí ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìgbèríko, tí ẹ kò lè wá, lè rí i kà, kí ẹ sì kà á sétí àwọn tí kò mọ̀wé.

   

Nígbà tí mo ń bọ̀ wá síbí ní ìrọ̀lẹ́ yìí, mo dúró lọ́dọ̀ ìyá kan tí ń ta ẹ̀wà, mo ní kí ó bá mi bu díẹ̀. Ó rí fìlà ẹgbẹ́ lórí mi. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà tún ti dé? Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Ìkan náà ni gbogbo yín. Ẹni tó wà lórí àga ń jẹ, ẹni tí kò sí lórí àga ń wá bí yóò ṣe jẹ." Ó bu ẹ̀wà fún mi, ó gba owó rẹ̀, ó ka ṣéńjì mi lé mi lọ́wọ́, ó pé pérépéré.

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Nítorí pé bí gbogbo wa bá jẹ́ ìkan náà lóòótọ́, kí ni ẹ tún ń tò sórí ìlà nínú oòrùn fún? Ẹni tó bá ti gbà pé ìkan náà ni wá, yóò ta ìbò rẹ̀ ní iye tí wọ́n bá pè é, kò sì ní rò pé òun ṣe ohun tí kò dára. Àwọn tó ń ra ìbò mọ èyí. Inú wọn dùn bí ẹ bá ń wí pé ìkan náà ni gbogbo olóṣèlú. Ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ń bá wọn dín owó ìbò kù.

Nítorí náà mo ti pa ọ̀rọ̀ tí mo kọ sínú ìwé tì. Ìyá ẹlẹ́wà ni mo fẹ́ dá lóhùn lónìí. Ìtàn ọkùnrin kan ṣoṣo ni mo sì fẹ́ fi dá a lóhùn.

ILÉ BÀBÁ RẸ̀ KỌ́, IṢẸ́ ỌWỌ́ RẸ̀ NI

Àlàájì Látéèfù Káyọ̀dé Jákàńdè ni mò ń wí. Ọjọ́ 23 oṣù keje ọdún 1929 ni wọ́n bí i ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, l'Ékòó. Ṣùgbọ́n Òmù-Àrán ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá, Òmù-Àrán ti ìpínlẹ̀ Kwárà wa níhìn-ín.

Mo gbọ́ pé àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́. Ẹ dúró ná. N kò mú orúkọ rẹ̀ wá kí ẹ lè wí pé ọmọ wa ni. "Ọmọ wa ni, ẹ jẹ́ kó ṣe é" ni wọ́n ti fi ń rẹ́ wa jẹ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Ọmọ wa á wọlé tán, á yí gíláàsì mọ́tò rẹ̀ sókè, kò ní mọ ojú wa mọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ Jákàńdè ni mo fẹ́ kí a jọ wò.

Nígbà tó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama Iléṣà, ó ti ń ṣe olóòtú ìwé ìròyìn àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ní 1949, nígbà tí kò tíì ju ọmọ ogún ọdún lọ, ó bá ìwé ìròyìn Daily Service l'Ékòó ṣiṣẹ́. Ọdún yẹn náà ni Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ dá Nigerian Tribune sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní 1953 Jákàńdè lọ síbẹ̀, ní 1956 Awólọ́wọ̀ fi í ṣe olórí gbogbo àwọn olóòtú ibẹ̀. Orúkọ tó fi ń kọ̀wé ni John West. Nígbà náà òyìnbó ṣì ń ṣàkóso wa, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń bi òyìnbó léèrè ọ̀rọ̀ nínú pépà, lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run mú wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí iṣẹ́ akọ̀ròyìn jẹ́ fún ẹ̀yin tí ẹ kò tíì wọ ilé iṣẹ́ pépà rí. Bí ìjọba bá ní òun yóò la títì, akọ̀ròyìn á béèrè pé: títì wo? Láti ibo dé ibo? Èló ni? Ta ni wọ́n gbé e fún? Ọjọ́ wo ni yóò parí? Bí ọjọ́ náà bá pé, á padà lọ wò ó. Bí kò bá sí títì níbẹ̀, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí títì níbẹ̀. Ìyẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n òun ni ìjọba burúkú bẹ̀rù ju ìbọn lọ.

Nǹkan kan tún wà níbẹ̀. Ohun tí olóòtú bá kọ lónìí, orúkọ rẹ̀ ló rù ú. Bí ó bá parọ́, irọ́ náà á wà nínú pépà lọ́la àti ní ọdún tó ń bọ̀, ẹnikẹ́ni lè gbé e jáde kí ó fi hàn án. Ọkùnrin tó bá ti gbé ìgbé ayé bẹ́ẹ̀ pẹ́ á ti mọ̀ pé àkọsílẹ̀ kì í kú. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí pé orí rẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dúró lé.

ÀPÓTÍ ẸLẸ́JỌ́

Ìjà wọ inú ẹgbẹ́ Action Group ní 1962. Kò pẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ fi kó Awólọ́wọ̀ àti àwọn ènìyàn rẹ̀, wọ́n ní wọ́n fẹ́ fi ipá dojú ìjọba dé. Jákàńdè wà lára àwọn tí wọ́n kó. Ẹjọ́ náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá 1962, ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án 1963 ni adájọ́ sọ ìdájọ́. Awólọ́wọ̀ lọ sẹ́wọ̀n, Jákàńdè náà lọ sẹ́wọ̀n. Ọdún 1966 ni wọ́n tó jáde, nígbà tí Gowon gba ìjọba.

Ẹ wá wo ìwà ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ lára. Ọkùnrin yìí ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́, síbẹ̀ òun náà ló kọ ìwé ńlá lórí ẹjọ́ náà, èyí tó jáde ní 1966. Ẹlòmíràn á jáde lẹ́wọ̀n, á ní kí wọ́n wá bá òun jó. Òun kọ ọ́ sílẹ̀: ohun tí ẹlẹ́rìí wí, ohun tí lọ́yà wí, ohun tí adájọ́ wí. Kí ọmọ tí wọn kò tíì bí lè kà á kó sì dá ẹjọ́ tirẹ̀.

Ó padà sídìí Tribune, ó wà níbẹ̀ di 1975. Láti 1949 dé 1975, ọdún 26 ni. Ẹ yọ àkókò tó fi wà lẹ́wọ̀n, ohun tó kù ṣì ju ọjọ́ orí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó dúró lẹ́yìn yìí lọ. Nígbà tó kúrò níbẹ̀, ó dá ilé iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, John West Publications, ó ń tẹ ìwé ìròyìn Lagos News jáde. Àwọn tó ni ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ní Nàìjíríà kó ara wọn jọ, òun ni wọ́n fi ṣe ààrẹ wọn àkọ́kọ́.

Ìyá ẹlẹ́wà, ìdáhùn mi àkọ́kọ́ rèé. Nígbà tí Jákàńdè wá sọ́dọ̀ àwọn ará Èkó ní 1979 pé kí wọ́n dìbò fún òun, ó ní ohun tó ti ṣe kó tó wá. Wọ́n mọ iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n mọ ẹ̀wọ̀n rẹ̀, wọ́n mọ ohun tó ti kọ. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Kì í ṣe ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mọ iṣẹ́ rẹ̀ títí di oṣù tí wọ́n lẹ fọ́tò rẹ̀ mọ́ ara ògiri.

KÍLÁÀSÌ TÍ WỌ́N PÈ NÍ ILÉ ADÌYẸ

Ẹgbẹ́ UPN ló gbé e wọlé. Ohun mẹ́rin ni ẹgbẹ́ náà ṣèlérí: ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ìwòsàn ọ̀fẹ́, ìdàgbàsókè ìgbèríko, àti iṣẹ́ fún gbogbo ènìyàn. Ìpínlẹ̀ márùn-ún ló gbà wọ́n: Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Bendel. Ní Ògùn, akọ̀ròyìn mìíràn ni wọ́n dìbò yàn, Olóyè Bísí Ọ̀nàbáńjọ, ẹni tí àwọn òǹkàwé mọ̀ sí Ayékòótọ́. Àwa ní Kwárà ńkọ́? Olóyè J. S. Ọláwóyìn ará Ọ̀fà ni UPN fà kalẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n Àlàájì Adamu Attah ti NPN ló wọlé.

Ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá 1979 ni Jákàńdè dórí àga. L'Ékòó nígbà yẹn, ọmọ pọ̀ ju ilé ẹ̀kọ́ lọ. Kíláàsì kan náà ni àwọn kan ń lò láàárọ̀ tí àwọn mìíràn ń wá lò lọ́sàn-án. Níbòmíràn, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ ni wọ́n ń pín in. Ọmọ tó bá jẹ́ ti ọ̀sán, láti àárọ̀ ni yóò ti máa rìn kiri, yóò ti kiri ọjà, yóò ti gbá bọ́ọ̀lù, oorun á ti kún ojú rẹ̀ kó tó dé iwájú tíṣà. Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀ tí gbogbo ènìyàn fi rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá Èkó nìyẹn.

Ìbéèrè akọ̀ròyìn ni ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fẹ́. Kíláàsì mélòó ló kù? Èló ni ọ̀kan? Ọjọ́ wo ni yóò parí? Kò yan ìgbìmọ̀ tí yóò fi ọdún mẹ́rin jókòó. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ kíláàsì, àwọn tó kọ ìtàn rẹ̀ ka iye wọn sí 11,729. Ní 1980, ẹ̀kọ́ àárọ̀ àti ti ọ̀sán ti dópin. Gbogbo ọmọ ń lọ láàárọ̀, wọn kò sì san owó ilé ẹ̀kọ́.

Àwọn kíláàsì náà kò lẹ́wà. Búlọ́ọ̀kù lásán ni, wọ́n gùn gbọọrọ, wọn kò ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Àwọn alátakò fi ṣe ẹlẹ́yà, wọ́n ní ilé adìyẹ ni Jákàńdè kọ́ fún ọmọ ènìyàn. Èmi kò ní tan yín, kì í ṣe gbogbo ilé náà ló tọ́jọ́. Àwọn ìjọba tó dé lẹ́yìn ní láti tún púpọ̀ nínú wọn kọ́. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí. Ọmọ tó jókòó sí ilé adìyẹ láàárọ̀ tó ń kọ́ A B D, àti ọmọ tó ń dúró de ilé aláràbarà tí wọn kò kọ́ títí ó fi gbé ìyàwó, èwo nínú wọn ni ẹ fẹ́ kó jẹ́ ọmọ yín? Àwọn tó jáde nínú ilé adìyẹ yẹn ti di dókítà, wọ́n ti di lọ́yà, wọ́n ti di ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ní 1983 ìjọba rẹ̀ dá yunifásítì ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní Òjó. Ní 1980 ó ti dá ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn ìpínlẹ̀ náà sílẹ̀. Akọ̀ròyìn kò gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀.

ILÉ TI ARÁÀLÚ ÀTI ILÉ TIRẸ̀

Ẹ̀yin ará Adéwọlé, ẹ̀yin mọ ohun tí ẹ̀sìtéètì jẹ́. Ẹ̀yin mọ ohun tó jẹ́ kí òṣìṣẹ́ rí ilé tí ó lè san owó rẹ̀, tí títì dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀, tí kì í ṣe pé lọ́kàn ọdún onílé á ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Jákàńdè kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún: ní Ìpọ́nrí, ní Abẹ́sàn, ní Òkè-Afá, ní Ìjàyè, ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, ní Ìbà, títí dé Ìkòròdú, Ẹ̀pẹ́ àti Bàdágírì. Bí ẹ bá dé Èkó lónìí, tí ẹ wọ ọkọ̀, ẹ ó gbọ́ tí kọndọ́kítọ̀ ń pe "Jákàńdè! Jákàńdè!" Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ tó ń pe orúkọ náà, wọn kò bá a lórí oyè. Orúkọ ibi tí ènìyàn ń sùn ló ti dà.

Ẹ wá gbọ́ ibi tí òun fúnra rẹ̀ ń sùn. Ilé tirẹ̀ ní Ìlúpéjú ló ń gbé nígbà tó wà ní gómìnà. Kò kó lọ sí ilé ìjọba. Mọ́tò tirẹ̀, Toyota Crown kan, ló ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Ilé Ìlúpéjú yẹn náà ló padà sí nígbà tí ìjọba bọ́, ibẹ̀ náà ló sì wà títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Àwọn àgbà ní bí ẹnìkan bá sọ pé òun yóò dá aṣọ fún ọ, ti ọrùn rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ wò. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n nínú òṣèlú, ẹ tún wò ó lẹ́ẹ̀kejì nígbà tó bá ń kúrò. Bí ọrùn rẹ̀ bá ti yàtọ̀ pátápátá, ẹ béèrè ẹni tó ni aṣọ náà.

Mo mọ ohun tí àwọn kan ń rò. Wọ́n ń rò pé Èkó lówó, kí ni Kwárà ní? Bẹ́ẹ̀ ni, Èkó lówó, ó ní èbúté, ó ní ilé iṣẹ́. Ṣùgbọ́n Èkó ti lówó kí Jákàńdè tó dé, àwọn ọmọ sì ń lọ sílé ẹ̀kọ́ lọ́sàn-án. Owó nìkan kọ́ ni. Ẹni tó ń ná an ni, àti bóyá ó ń bẹ̀rù pé wọ́n á bi òun.

ỌKỌ̀ OJÚ IRIN TÓ PẸ́ NÍ ỌDÚN 38

Ó tún rí i pé mọ́tò nìkan kò lè gbé gbogbo ará Èkó. Ó bẹ̀rẹ̀ ètò ọkọ̀ ojú irin tí yóò máa gba àárín ìlú kọjá, Metroline ni wọ́n pè é. Ní 1983 wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó wọlé lẹ́ẹ̀kejì lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 1983 sọ́jà gba ìjọba, wọ́n kó àwọn gómìnà sí àtìmọ́lé, òun náà kò yọ sílẹ̀. Ní 1985 ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari fagi lé Metroline. Owó tí àwọn ará Èkó pàdánù níbẹ̀, wọ́n ní ó lé ní mílíọ̀nù 78 owó dọ́là Amẹ́ríkà. Wọn kò rí ọkọ̀, wọn kò rí owó.

Ọjọ́ 24 oṣù kìíní 2023 ni wọ́n tó ṣí ọkọ̀ ojú irin tuntun fún ìlú Èkó. Ta ló wá ṣí i? Buhari kan náà ni, lẹ́yìn tó ti di ààrẹ tí aráàlú dìbò yàn. Ọjọ́ 4 oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni èrò tó bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀ ọ́. Jákàńdè kò rí i. Ọjọ́ 11 oṣù kejì 2021 ló ti lọ, ẹni ọdún 91. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún tí wọ́n fagi lé ọkọ̀ náà ti di ẹni ọdún 38 kí ọkọ̀ tó dé.

Kí ni mo fi èyí sọ? Ìjọba tí ẹnikẹ́ni kò dìbò yàn kò ní ẹni tó ń bi í. Ìkọ̀wé ọjọ́ kan lè gba ọdún 38 lọ́wọ́ àwọn ènìyàn.

IBI TÓ TI ṢÌNÀ

Ìyá ẹlẹ́wà yóò ní, "Bàbá, ẹ kàn ń yìn ín ni, ẹ fi apá kan pamọ́." Rárá o. Bí mo bá fi í pamọ́, mo di irú olóṣèlú tó ń wí.

Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà 1993 Nàìjíríà dìbò, Olóyè M. K. O. Abíọ́lá ló ń borí, Babangida fagi lé ìbò náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún náà Ọ̀gágun Sani Abacha gba ìjọba. Ó pe àwọn olóṣèlú kan, ó fi Jákàńdè ṣe mínísítà iṣẹ́ àti ilé gbígbé. Jákàńdè gbà á. Àwọn kan ní ìrètí ni pé Abacha yóò gbé ìjọba fún Abíọ́lá. Abacha kò gbé e fún un. Ó gbé Abíọ́lá sí àtìmọ́lé, ibẹ̀ ló sì kú sí ní ọjọ́ 7 oṣù keje 1998. Àwọn ẹgbẹ́ Jákàńdè àtijọ́ ní kó kúrò níbẹ̀, kò kúrò. Ó wà níbẹ̀ di 1995. Ọ̀rọ̀ náà dun ọ̀pọ̀ ènìyàn tó fẹ́ràn rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Bàbá Kékeré nítorí Awólọ́wọ̀, àwọn mìíràn ò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ mọ́ fún ìgbà pípẹ́.

Ẹ bá mi wò ó. Ọkùnrin kan náà ni. Ọgbọ́n rẹ̀ kò dín, ọwọ́ rẹ̀ kò di ọwọ́ olè. Ṣùgbọ́n ní 1979 ará Èkó ló gbé e dórí àga, ará Èkó ló ń bẹ̀rù. Ní 1993 sọ́jà kan ló fún un ní àga, sọ́jà náà nìkan ló lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Kíláàsì mélòó ni àwọn ènìyàn rántí láti ọdún 1979 sí 1983? Kí ni wọ́n rántí láti ọdún 1993 sí 1995? Ìdáhùn mi kejì rèé, ó sì ṣe pàtàkì ju ti àkọ́kọ́ lọ: ènìyàn rere nìkan kò tó. Ẹni tó gbé e dépò ni yóò máa sìn. Bí ẹ̀yin kọ́ lẹ gbé e débẹ̀, bó ti wù kó dára tó, kì í ṣe ẹ̀yin ni yóò gbọ́ tiyín.

ÌBÉÈRÈ MẸ́TA

Ẹ kò kéré o. Ní 1983 ẹ̀yin ará Kwárà dìbò fún Cornelius Adébáyọ̀ ti UPN, ẹ yọ ẹni tó wà lórí àga. Oṣù mẹ́ta péré ni sọ́jà jẹ́ kó fi ṣe é, ṣùgbọ́n ìbò yín ṣiṣẹ́. Ní 2019 ẹ tún jáde, ẹ ní "Ó tó gẹ́!" Ọmọdé ń pè é, àgbàlagbà ń pè é. Ìbò yín tún ṣiṣẹ́. Ohun tó kù tí a kò tíì kọ́ ni ohun tí a ń ṣe ní ọjọ́ kejì ìdìbò. A ń lọ sílé, a ń ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi ẹnikẹ́ni tó bá wá gba ìbò yín. Àkọ́kọ́: iṣẹ́ wo lo ṣe kí o tó dé ọ̀dọ̀ wa, ta ló lè jẹ́rìí sí i? Ìkejì: níbo lò ń gbé, kí lo ní lónìí, ṣé wàá jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀ ká lè fi wé ohun tí o máa ní lọ́jọ́ tí o bá ń kúrò? Ìkẹta: ta ló fà ọ́ kalẹ̀? Bí o bá ṣẹ̀, àwa la ó pè ọ́ ni, àbí bàbá kan tó jókòó sí pálọ̀?

Mo sì ń sọ ọ́ níwájú gbogbo yín, kí àwọn alákòóso ẹgbẹ́ tó jókòó lẹ́yìn mi yìí gbọ́: ẹ bi olùdíje tiwa náà. Bí ó bá kọ̀ tí kò dáhùn, bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí pín ìrẹsì dípò ìdáhùn, ẹ má dìbò fún un. N ó fara mọ́ ọn. Ẹgbẹ́ alátakò tí kò bá lè gba ìbéèrè kí ó tó wọlé, nígbà tó bá wọlé tán, kí ni yóò ṣe sí ẹni tó bá bi í?

Ẹ kò nílò láti di akọ̀ròyìn. Ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, ẹ ra ìwé ìkọ̀wé kan bí èyí tí ẹ ń rà fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́. Ẹ fi í sọ́wọ́ ọmọ kan tó mọ̀wé, tí ẹ̀rù kì í bà. Bí olóṣèlú bá dé tó ní òun yóò gbẹ́ kànga, kó kọ ọ́: ọjọ́ wo ló wí i, kànga mélòó, ojúlé ta ni. Kó kà á sétí rẹ̀ kó tó wọ mọ́tò. Bí ó bá ṣe é, ẹ fa ìlà sí i, ẹ yìn ín, ẹ dìbò fún un lẹ́ẹ̀kejì, ìbáà jẹ́ ẹgbẹ́ tí kì í ṣe tiwa. Bí kò bá ṣe é, ẹ gbé ìwé náà sókè lọ́jọ́ tó bá padà wá. Ìwé kékeré náà ni Tribune tiyín.

Bí mo bá kúrò níbí, n ó gba ọ̀dọ̀ ìyá ẹlẹ́wà kọjá. N ó sọ fún un pé: Ìyá, kì í ṣe ìkan náà ni gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà á nítorí pé èmi ni mo wí. Bí ẹ ṣe ka ṣéńjì mi lé mi lọ́wọ́ láìṣìkan, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ní kí àwa náà ka tiyín lé yín lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́ kà á, ẹ ti mọ èyí tó jẹ́.

Káàdì ìdìbò tí kò sí lọ́wọ́ kò lè bi ẹnikẹ́ni. Ẹni tí kò bá tíì gba tirẹ̀, kó lọ gbà á. Ẹni tó bá ti gbà á, kó má fún ẹnikẹ́ni bá a tọ́jú.